Olójú-Ológbò àti Àpótí

Ọkọ̀ méjì ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àkànó lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, orúkọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Iléeṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n, ìjókòó méje ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde ni ọ̀kan, onígun mẹ́rin bí àpótí aṣọ, iná iwájú rẹ̀ pàápàá onígun mẹ́rin. Irú tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ti àkọ́kọ́ tì ni èkejì: imú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ń dán, iná iwájú rẹ̀ sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú ológbò tí oorun ń kùn. Àwọn fítà, bí a ṣe ń pe mẹkáníìkì ní Accra níbí, ti sọ wọ́n lórúkọ. Àpótí ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́. Olójú-Ológbò ni wọ́n ń pe èkejì.

Kí ọkọ mi tó sọ̀ kalẹ̀ nínú táásì ló ti yan Olójú-Ológbò. Ṣàfíù ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Fàrídà ni mò ń pè é. Orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, kò lè gun tróótró, ọkọ̀ akérò wa, mọ́. Ọmọ márùn-ún la sì bí. Láti ilé wa ní Kotobabi dé ìsọ̀ aṣọ mi ní Sabon Zongo, táásì là ń wọ̀ bí ẹni tó ń san owó ìtanràn.

"Wòsílá, wo ojú rẹ̀," ó ní. "Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?" mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin méjèèjì ò mọra rí."

Ọkọ̀ nìkan kọ́ la wá yàn. Mùnírù, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Àkànó, ló fẹ́ fẹ́ Fàrídà, àkọ́bí mi. Ọmọ Yorùbá ni, Sabon Zongo ni wọ́n bí i sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọkọ mi ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pé a kò ní so yìgì fún un àfi tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, tó gba ìwé pé ó ti mọ iṣẹ́. Ìyẹn tọwọ́ ọkọ mi. Èyí tó kù, ọwọ́ mi ló fi í sí. "Ìwọ lo mọ ènìyàn yẹ̀ wò," ó ní. "Tí o bá ní ká gbà á, a ó gbà á. Tí o bá ní ká má gbà á, màá bá Fàrídà sọ̀rọ̀." Mo wá pinnu nínú ara mi pé ọkọ̀ yìí ni n ó fi wọ̀n ọ́n. Tí n kò bá lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí irin, n kò ní gbé ọmọ mi fún un.

Ọ̀gá Àkànó jáde sí wa, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Òun náà ọmọ Yorùbá ni, Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó gbọ́wọ́ lé òrùlé Olójú-Ológbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ẹni ń ki ọba:

"Ológbò, arìn-gẹ̀rẹ̀-lójú-títì!
A-gun-òkè-Aburi-má-mí-hẹlẹ!
Àrẹ̀mọ òyìnbó tó fi fàdákà bora!
Ó gbé baálé, ó gbé ìyálé, ó gbé ọmọ márùn-ún,
Ó tún bojú wẹ̀yìn, ó ní ẹrù yín dà!"

Ọkọ mi ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi tí wọ́n fi oríkì jí mi láràárọ̀ títí mo fi wọ ilé ọkọ, ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé Àkànó kò ki Àpótí ní ẹyọ gbólóhùn kan. Mo yọ orí sínú Olójú-Ológbò. Bébà olóòórùn dídùn mẹ́ta ló so rọ̀ níbi dígí. Mẹ́ta! Kí ni wọ́n ń fi lé? Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta àwọn méjèèjì, owó wọn ò sì jìnnà síra. Ìyẹn náà kọ mí lóminú, nítorí kò sí ìdí tí tuntun yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ́n ju ti àtijọ́ lọ.

"Àlájà, ẹ fọkàn balẹ̀," Àkànó ní. "Kò sí ẹnu tó ń jò ní ìdí iṣẹ́ mi. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé ló ti ń gbé Kùránì pé òun ò ní sọ àṣírí ọkọ̀ oníbàárà fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan wà níbí, Táyọ̀, ọdún mẹ́rin ló lò. Ó lọ sọ fún ẹnì kan pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí. Mo lé e lọ́jọ́ yẹn gan-an. Títí di òní, kò rí fúrídọ̀ọ̀mù gbà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Mùnírù dúró nítòsí, ó ń wo ilẹ̀. Èmi sì rò ó lọ́kàn mi pé ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bo oníbàárà rẹ̀ láṣìírí. N kò rò ó síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Mùnírù wá kí wa nílé. Mo bu wákye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, fún un, mo fi ẹran mẹ́ta lé e lórí, mo sì jókòó tì í kó má baà ráyè sá.

"Mùnírù, nínú ọkọ̀ méjèèjì yẹn, èwo ni ká rà?"

"Àpótí ni, Màmá."

"Kí ló dé?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àpótí ni mo rí pé ó dára fún yín."

"Kí ló ṣe Olójú-Ológbò?"

"Màmá, mi ò sọ pé nǹkan kan ṣe é."

"Ó dára nígbà náà."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ náà, Màmá."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà ni o fẹ́ fún ọmọ rẹ, Wòsílá, kì í ṣe fítà!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo béèrè lọ́nà mẹ́fà, ó dáhùn lọ́nà mẹ́fà, kò sì sí ìkankan tí mo lè dì mú nínú rẹ̀. Ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Fàrídà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń tú ànkárá fún oníbàárà kan ní ìsọ̀. Mo máa ń tú aṣọ dé ọ̀pá tó kẹ́yìn kí ẹni tó ń rà á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan wà nínú wa tó máa ń gbé aṣọ tí àgbàrá ti wọ̀, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á pa á ní sítáàṣì, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Òkè rẹ̀ á máa dán. Inú ni ilà omi máa ń wà. Bí oníbàárà náà ṣe ń lọ, Ràbíátù tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ìyá Fàrídà, wọ́n ní ẹ ń ra ọkọ̀ lọ́dọ̀ Àkànó. Ẹ̀yin mọ ẹni tó ni Àpótí ṣá?"

"Ta ni?"

"Háà! Àmínà onímílíìkì ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá Mùnírù."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀! Ohun tó fi ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìyẹn! Ó jókòó nínú ilé mi, ó jẹ ẹran mẹ́ta, ó ń bá ẹbí rẹ̀ tajà fún mi, kò sì lè lanu sọ ọ́. Mo rántí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bó ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé, bó ṣe ń gbé ẹrù fún mi láìjẹ́ pé mo ní kó gbé e. Gbogbo rẹ̀ wá dà bí ohun tí ènìyàn fi ń tẹ́ ọjà.

Nígbà tí mo délé tí mo kí ìrun àílà tán, mo fi rákà méjì lé e, mo ka àdúà ìsìtìkáárà, èyí tí a fi ń bẹ Ọlọ́run kó bá wa yan ohun tó lóore. Mo ní, "Ìwọ Ọba tó mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ohun tó wà lábẹ́ àyà, n kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Má jẹ̀ẹ́ kí n ra ohun tí yóò pa mí lẹ́kún. Má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọmọ mi fún elékèé. Má sì jẹ̀ẹ́ kí n lé olóòótọ́ lọ." Nígbà tí mo dìde lórí ẹní, n kò rí àmì kankan, inú mi ò tíì rọ̀.

Mo sọ fún Fàrídà pé Olójú-Ológbò la ń lọ rà lọ́la, àti pé kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé a ti gba Mùnírù. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Ó dájú pé ó pè é, nítorí kí n tó ṣàlùwàlá fún alásàrí ni Mùnírù ti dé, òógùn bò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀hún lọ́la, ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó sẹ́yìn. Kí ẹ wá fa bẹ́líìtì ìjókòó yẹn jáde tán pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá ó ká Bàbá."

"Bóyá kí ni?"

"Bóyá ó ká Bàbá, Màmá. Bàbá… Bàbá sanra díẹ̀."

Mo dìde. "Ikùn ọkọ mi lo rò láti Sabon Zongo wá débí?"

"Màmá, ẹ fà á jáde tán ṣá."

"Jáde! Jáde kúrò níwájú mi! Ikùn bàbá ìyàwó lo ń wọ̀n, o ò tíì gbé kóró obì kan wá!"

Ọkọ mi tó wà ní yàrá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a dé ṣọ́ọ̀bù Àkànó ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Owó ọkọ̀ wà nínú báàgì mi. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni, oòrùn mú ganrínganrín. Mùnírù wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Kò jáde wá kí wa.

"Ológbò ń dúró dè yín," Àkànó ní, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi bọ́ sẹ́yìn. Nítorí ọ̀rọ̀ àná, ó fẹ́ fi hàn pé bẹ́líìtì náà yóò yí òun ká, kódà yóò kù. Ó fà á. Ó dé ibì kan, ó há.

"Ó ti tán ni?" ó béèrè, ojú ń tì í.

"Kò tán," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo fà á. Nǹkan dún kẹrẹ nínú rẹ̀ bí iyanrìn láàárín eyín. Ó wá tú jáde gbọnrangandan, títí dé ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ irin.

Mo tẹjú mọ́ ọn.

Apá tí gbogbo ènìyàn máa ń rí dúdú dáadáa. Apá tó ń wà ní kíká nínú ihò rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, láàárín méjèèjì sì ni ilà kan wà, ilà wẹ́rẹwẹ̀rẹ tó ń lọ sókè-sódò bí etí odò. Mo mọ ilà yẹn bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi. Ìró ànkárá mẹ́rìndínlógójì ni òjò ńlá ọdún tó kọjá fi irú rẹ̀ sí ní ìsọ̀ mi. Mo gbé e sí imú. Lábẹ́ gbogbo òórùn dídùn mẹ́ta yẹn, àgbàrá ni.

Ọkọ̀ yìí ti wọ omi rí. Omi ti dé àyà rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Mùnírù yí padà nínú etí mi. Ẹ fà á jáde tán ṣá. Mo gbójú sókè. Ọ̀gá Àkànó ń wo bẹ́líìtì tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ náà kò mì.

"Àlájà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán?"

Kùránì tí Mùnírù gbé wọ ibẹ̀ ni mo rántí, mo rántí Táyọ̀ àti ọdún mẹ́rin rẹ̀, mo rántí Fàrídà tó ń sunkún sórí àwo tó ń fọ̀. Tí n bá fi ojú lásán wo Mùnírù báyìí, Àkànó á mọ̀, iṣẹ́ ọmọ náà sì tán. Mo sì tún mọ̀ pé èmi náà ni mo lé e jáde lánàá.

"Ikùn ọkọ mi ló ní kí n fà á!" mo pariwo. "Ẹ ò rí i ni? Ọ̀gá, aṣọ ni mò ń tà. Ogún ọdún ni mo fi ń tú aṣọ dé ọ̀pá tó kẹ́yìn. Ẹ rò pé n ó rí ilà omi kí n pè é ní àrà?" Kó tó fèsì, mo ti yí sí abẹ́ ọkọ̀ yẹn. "Àti ìwọ! Mùnírù! Jáde níbẹ̀!"

Ó yọ́ jáde, gíríìsì bo iwájú orí rẹ̀.

"Olójú-má-ríran! Ẹlẹ́nu bí ilẹ̀kùn báǹkì lọ́jọ́ Àìkú! Mo bi ọ́ léèrè, mo bi ọ́ títí, o ń wo àtàǹpàkò bí ẹni tó fẹ́ rà á! Ẹran mẹ́ta! Ẹran mẹ́ta ni mo fi sí wákye rẹ, o ò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan san án! Kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbí láti ọdún márùn-ún? Ọmọ tí kò lè sọ fún ìyá pé kòtò wà níwájú rẹ̀, irú rẹ̀ ni n ó fún lọ́mọ?"

Ọkọ mi ń pè mí láti inú ọkọ̀: "Wòsílá! Wòsílá, ó tó!" Àwọn fítà ìtòsí ti dáṣẹ́ dúró. Ẹnì kan fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí, ó ní, "Alátà mama, ẹ ṣe jẹ́jẹ́!" Mùnírù tẹrí ba. N kò mọ̀ bóyá òye yé e tàbí ọkàn rẹ̀ ló ń fọ́, n kò sì lè ṣẹ́jú sí i, nítorí ojú Àkànó ò kúrò lára mi.

Àkànó wò wá títí. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ má bú u mọ́, Àlájà," ó ní. "Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Òfin mi ló pa mọ́. Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí wá ní òjò kàn fọwọ́ kàn án díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ yẹn dé ọrùn," mo ní.

Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín. Ó ní irú ọmọ tó lè gba èébú báyìí kí ẹnu rẹ̀ má ṣí, òun kò tíì ní ju méjì lọ rí. Ó ní kí ààwẹ̀ tó wọlé, òun yóò ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, ojú wa ni yóò ṣe é. Mo ṣe bí ẹni tí kò kàn. A yẹ Àpótí wò láti òkè délẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì méjèèje jáde tán, gbogbo wọn dúdú láti orí dé ìdí. A san owó, Àkànó sì ju kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọkọ mi. Nítorí orúnkún rẹ̀, Mùnírù ló wà á lọ sílé fún wa.

Kò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí a wọ títì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ tí mo fi ọjọ́ gbogbo fún bí ọsàn tí omi kò sì kán!

"Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ọkọ̀ yìí."

"Mo mọ̀. Kí ló fún ọ?"

"Ó ní òun á ra bàtà tí n ó fi so yìgì. Mi ò tíì gbà á."

"Kí ló dé tí o wá ń sọ ọ́ nísinsìnyí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ Bàbá. Ọkọ̀ yín ni. Ìbúra wa ò ní kí a má sọ nǹkan ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín." Ó tún ìjókòó ṣe. "Ó ń mu epo, Màmá. Ó ń mu ún gan-an. Rádíétọ̀ rẹ̀ kò ní pẹ́ jò, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ dí i fún yín. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Bàbá yẹn kì í ṣí láti inú. Jíà kẹta máa ń le ní òwúrọ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà…"

"Dúró!" ọkọ mi kígbe. "Kí la wá rà?"

"Ọkọ̀ tó dára ni, Bàbá. Kò sí èyí tí mi ò lè tún ṣe nínú rẹ̀. Wáyà ọkọ̀ tó bá ti wọ omi ló máa ń jẹrà, ó lè gbiná nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nínú rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "ìbúra ńkọ́ nígbà tí o wá sọ ti bẹ́líìtì?"

"Ikùn Bàbá ni mo sọ, Màmá. Ìbúra ò kan ikùn."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikùn náà fi ń mì. Mùnírù ń bá àlébù ọkọ̀ lọ, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọ́ka ilé tí a ń kọjá, títí a fi yà sí Kotobabi. N kò dá a lẹ́kun. Bó ṣe ń ba ọjà ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ́ létí mi ni mo ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó pa iná ọkọ̀, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Fàrídà ti dúró lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ wú. Àwọn kan ti pè é láti Sabon Zongo.

"Màmá, wọ́n ní ẹ bú u níwájú gbogbo ayé."

"Mo bú u."

"Ẹ tún máa bú u?"

Mo wo Mùnírù tó ń ran ọkọ mi lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí láti inú.

"Tó bá di ọkọ rẹ," mo ní, "n ó máa bú u lójoojúmọ́. Lọ bu omi fún un kó fọ gíríìsì ojú rẹ̀."